Ọ̀dà wo ló yẹ bọ́ńpà irin àti àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ Hilux?

OníHilux: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Wẹ́dà ti parí bọ́ńpà iwájú, àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ àti kẹ́ríà orí ọkọ̀. Páìpù irin lásán ni gbogbo wọn, ínṣì méjì, nínípọn 3 mm. Ẹ̀bá òkun lápá Ajah lọkọ̀ ń sùn, òkúta wẹ́wẹ́ sì pọ̀ lọ́nà. Ṣé powder coating (ọ̀dà lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń fi iná yan mọ́ irin) ni, àbí kí n rì wọ́n sínú síńkì gbígbóná tó ti yọ́, àbí ọ̀dà fífọ́n? Ẹnì kan tiẹ̀ ní kúróòmù.

BàbáWẹ́dà: Ẹ gbàgbé kúróòmù. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí òkúta bá ti dá a lu, irin á máa jẹ lábẹ́, òkè á ṣì máa dán.

Powder coating lásán náà kò tó fún àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́. Ó nípọn tó 60 sí 80 micron (1,000 micron ló wà nínú 1 mm), ó sì le, àmọ́ ibi tó bá hó ni omi iyọ̀ ń gbà wọ abẹ́ rẹ̀, tí á sì máa bó bí èèpo. Ẹ rì í sínú síńkì ná. Bí ojú kan bá hó, síńkì ló máa kọ́kọ́ jìyà kó tó kan irin.

Ṣùgbọ́n ẹ lu ihò sí páìpù o! Ihò 12 mm, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dojú kọra ní ìdábùú. Síńkì yẹn gbóná tó 450°C. Bí omi bá há sínú páìpù tí ojú rẹ̀ dí, ooru rẹ̀ á bẹ́ páìpù náà, ẹni tó dúró nítòsí á sì fara gbá a.

ỌmọPẹ́ńtà: Òótọ́ ni. Ẹ má fi pọ́tì dí ojú ibi tí wẹ́dà jó pọ̀, kò ní í fara da iná. Bí ẹ bá fẹ́ powder dúdú lórí síńkì, kí wọ́n kọ́kọ́ fi yanrìn fẹ́ ẹ fẹ́rẹ́ (ẹ̀rọ ló ń fẹ́ yanrìn lu ojú irin), kí wọ́n sì yan irin náà lófìfo, kó gbóná ju bí wọ́n ṣe máa yan powder lọ (èyí sábà máa ń jẹ́ 180 sí 200°C). Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ inú síńkì á ta ọ̀dà náà ní ihò wẹ́wẹ́. Ọ̀dà olóróró tí wọ́n ń kùn géètì ńkọ́? Kò gbọdọ̀ kan síńkì. Ó máa ń di bí ọṣẹ lábẹ́, á sì ṣí.

OníHilux: Bówó ò bá ká síńkì ńkọ́?

BàbáWẹ́dà: Bọ́ńpà àti àtẹ̀gùn ni kẹ́ ẹ náwó lé. Òkúta kì í sábà ta ba kẹ́ríà: powder lórí pírámà onísíńkì (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ní síńkì nínú) tó o.

ỌmọPẹ́ńtà: Tó bá sì jẹ́ fífọ́n ni, ẹ fi yanrìn fẹ́ ẹ títí irin á fi funfun, kí pírámà epoxy sì gùn ún láàárín wákàtí mẹ́rin, nítorí afẹ́fẹ́ Èkó kì í dúró dè yín. Ẹ fọ́n ìpele méjì, lẹ́yìn náà ọ̀dà 2K (ọ̀dà alápá méjì) tí wọ́n ń po mọ́ hádínà, ohun tó ń mú un le, ní ìwọ̀n tí agolo wí. Ẹ fi téèpù bo ojú ìdè bọ́ọ̀tì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ nọ́ọ̀tì ò ní í wọ̀.