Ṣé kí n da kọnkéré sí àgbàlá ilé bàbá mi?

Ẹ kú ilé o. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti kúrò l'Ékòó padà sílé bàbá mi lábúlé, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Ilé alámọ̀ ni, páànù rẹ̀ ti dógùn-ún. Àmọ́ láàárọ̀, tí mo bá gbálẹ̀ tán, ojú ìgbálẹ̀ á hàn lórí yẹ̀pẹ̀ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ìrì á máa yí gbirigbiri lórí ewé kókò, kò sì ní rin ewé náà rárá. Mo lè dúró wò ó títí ẹ̀kọ yóò fi tutù.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá, pé a ti dà bí ará oko. (Ará oko ṣáà ni wá!) Òótọ́ ni pé àgbàrá ń wọ́ yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ, ìpìlẹ̀ igun kan sì ti ń yọjú. Ṣùgbọ́n níbo ni ewúro àti ṣọkọ mi máa wà?

Àwọn ẹ̀gà náà tún ti kọ́lé kún orí ọ̀pẹ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti ya imọ̀ rẹ̀ jẹ́gẹjẹ̀gẹ. Ará ilé kejì ní kí n gé e. Ariwo wọn ni mo fi ń jí, mi ò fẹ́ gé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé irú ilé yìí, kí lẹ fi dá àgbàrá dúró? Tí mo bá da òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ nìkan, tí mo gbin koríko síyòókù, ṣé ó tó? Ọ̀pẹ tí ẹ̀gà ya báyìí ńkọ́, ṣé ó ṣì lè so?