Róòsì píńkì mi ń ga bí ẹni tó fẹ́ gun òrùlé, kò yọ òdòdó kankan

Ọlọ́gbà Kótópó

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo ní róòsì kan tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé, ẹ̀yìnkùlé náà ò ju mítà 3 sí 4 lọ, ògiri ló yí i ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta, oòrùn máa ń wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán kí ilé aládùúgbò tó gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́ ó tan òdòdó píńkì ńláńlá, ewé òdòdó ẹ̀ kún inú ara wọn bí ìgbà tí wọ́n ká bébà sínú ife, òórùn ẹ̀ dé inú yàrá, mo tiẹ̀ ń pe èèyàn wá wò ó ni. Ó ṣe bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tán. Látìgbà yẹn, òfo.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé kò kú o, ó ń dàgbà gan-an ni. Torí pé àyè ò sí, mo máa ń gé e wálẹ̀ dé orúnkún nígbà tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó tún máa hù, ó tún máa ga. Ní báyìí ọ̀pá gígùn mẹ́ta ló yọ láti ìdí ẹ̀, méjì nínú wọn ti ga jù mí lọ, ewé wọn ń dán. Àmọ́ àwọn ewé ìsàlẹ̀ lórí ẹ̀ka àtijọ́ ní tóótòòtó dúdú lára, tó bá yá wọ́n á pọ́n ràkọ̀, wọ́n á já bọ́. Mo fún un ní ajílẹ̀, mo tún fi kún un, ewé ló ń fi dá mi lóhùn. Ẹni tó tà á fún mi ní igi kékeré ni pé á máa tan lóòrèkóòrè. Constance Spry ló wà lára bébà tí wọ́n so mọ́ ọn. Ṣé kí n hú u dànù ni abi àtúnṣe ṣì wà?

Bàbá Ẹlẹ́gùn-ún

Ẹni tó tà á fún yín, bóyá kò mọ̀ ni o, bóyá ó mọ̀, mi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Constance Spry máa ń tan lọ́dún, ẹ fi orí ara yín sílẹ̀. 1961 ni David Austin mú un jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni àkọ́bí nínú gbogbo róòsì tí ọkùnrin yẹn mú jáde, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àbúrò ẹ̀ tó dé lẹ́yìn ni wọ́n ń tan léraléra. Igi kékeré kọ́ náà nìyẹn, mítà 2 kì í ṣe nǹkan kan fún un, tó bá wá rí ògiri gùn ẹ ò ní rí orí ẹ̀ mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà gan-an rèé. Orí ẹ̀ka tó dàgbà lọ́dún tó kọjá ló ti ń yọ òdòdó, ẹ̀yin wá ń gé ẹ̀ka yẹn dé orúnkún kó tó tan, òdòdó lẹ̀ ń gé dànù lọ́dọọdún. Àwọn tó ń tan léraléra ni wọ́n máa ń gé nígbà tí òtútù bá fẹ́ parí, nítorí orí ẹ̀ka tuntun ni wọ́n ti ń tan. Tiyín yìí, kété tó bá ti tan tán ni kẹ́ ẹ gé e, kò gbọdọ̀ pẹ́ rárá, kó lè rí àyè yọ ẹ̀ka tí yóò tan lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ kàn yọ èyí tó ti gbó jù àti èyí tó ti kú, kó tán síbẹ̀.

Ẹ sì dá ajílẹ̀ dúró jàre. Tí náítírójìn, oúnjẹ inú ajílẹ̀ tó ń mú ewé dàgbà, bá ti pọ̀ jù, ewé ló máa fi ṣe.

Títí Aládòódó

Bàbá ti sọ̀rọ̀ òdòdó, ẹ jẹ́ kí n sọ ti tóótòòtó dúdú yẹn, torí ojú mi ti rí i. Àrùn ni, fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń fà á, omi tó bá pẹ́ lórí ewé ni oúnjẹ ẹ̀. Ewé tó bá tutù tó nǹkan bíi wákàtí 7 láìgbẹ ti ṣílẹ̀kùn fún un nìyẹn. Ẹ bi ara yín léèrè, ìgbà wo lẹ máa ń bomi rin ín? Èmi, ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ni, màá gbé họ́ọ̀sì, màá wọ́n ọn láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ, inú mi á máa dùn pé mo ń ṣe dáadáa. Omi yẹn á wà lórí ewé mọ́jú. Ìgbà tó fi máa yé mi, igi ti dúró ní ìhòòhò.

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa bomi rin ín, ìdí ẹ̀ nìkan, ẹ rọ ọ́ kó mu dáadáa kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó sàn ju díẹ̀díẹ̀ ojoojúmọ́ lọ. Gbogbo ewé tó bá já bọ́, ẹ ṣà á kúrò nílẹ̀, ẹ má kó o sínú òkìtì tẹ́ ẹ fẹ́ kó jẹrà di ajílẹ̀ o, inú ewé yẹn ni àrùn náà ń sá pamọ́ sí. Níbi tí ògiri bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta afẹ́fẹ́ ò ní ráyè kọjá, torí náà ẹ ṣí àárín igi náà sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀ka máa gun ara wọn.

Akọ́ṣẹ́ Ewéko

Kò sẹ́ni tó bèèrè nípa ọ̀pá méjì tó ga ju ọ̀gá wa lọ? Èmi ò fọkàn tán wọn rárá.

Ọ̀pọ̀ róòsì tí wọ́n ń tà ò dúró lórí gbòǹgbò ara wọn, wọ́n á mú ojú kan, ìyẹn ibi tí ẹ̀ka ti ń hù, lára igi tó rẹwà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbòǹgbò róòsì mìíràn tó lágbára, kó máa gbà á tọ́. Gbòǹgbò alágbàtọ́ yẹn náà fẹ́ bí tiẹ̀. Tó bá yọ ọ̀pá láti ìsàlẹ̀, ọ̀pá yẹn máa yára ju ojúlówó lọ, á jẹ oúnjẹ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ̀yin á máa yọ̀ pé róòsì yín ń ṣe dáadáa. Ẹ fọwọ́ wú ìdí ẹ̀, ẹ máa rí kókó kan níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Tí ọ̀pá bá ti òkè kókó wá tàbí láti ara kókó fúnra ẹ̀, tiyín ni. Tó bá ti ìsàlẹ̀ kókó wá, àjèjì ni.

Àbúrò Gádínnì

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé tí ewé kéékèèké bá ti jẹ́ méje méje lórí ọ̀pá ewé kan, àjèjì nìyẹn, pé márùn-ún márùn-ún ni ti ojúlówó. Ṣé kò kúkú yá ju kéèyàn máa wú ilẹ̀ lọ?

Akọ́ṣẹ́ Ewéko

Rárá o àbúrò, ọ̀rọ̀ yẹn ti jẹ́ kí àwọn èèyàn gé igi rere dànù. Àìmọye ojúlówó róòsì ló ní ewé méje. Ìdí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Tó bá sì jẹ́ àjèjì, ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé e, ẹ fà á ya kúrò níbi tó ti yọ. Tẹ́ ẹ bá gé e ojú tó máa tún hù á ṣẹ́ kù sílẹ̀, ọ̀kan á di mẹ́ta.

Títí Aládòódó

Èmi ní tèmi, ẹ̀yìnkùlé mítà 3 sí 4 ò gba Constance Spry. Ẹ fún ẹni tó láyè. Ẹ wá The Fairy, 1932 ló ti wà, kì í sábà ga ju orúnkún sí itan lọ, òdòdó píńkì kéékèèké lọ́pọ̀ yanturu, àtúntan ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tó ga díẹ̀ sí i, Bonica tí àwọn Meilland ilẹ̀ Faransé mú jáde, òun náà píńkì, á tan, á sinmi, á tún tan.

Bàbá Ẹlẹ́gùn-ún

Ìyá Aládòódó, The Fairy ò ní òórùn tó ṣeé sọ, ọ̀gá wa sì ní òórùn dé inú yàrá. Ẹni tó ti gbóòórùn Constance Spry, ẹ fẹ́ fi òdòdó tí kò rùn tù ú nínú? Ògiri mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó na ara ẹ̀ mọ́ ògiri.

Ọlọ́gbà Kótópó

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bomi rin ín, kí Ìyá Aládòódó má bú mi.

Mo wú ìdí ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo fi ṣíbí àtijọ́ wa yẹ̀pẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀ títí mo fi kan kókó náà, ó tó ìkúùkù ọmọdé, ó dúdú, ó rí hánhán. Ọ̀pá méjì tó ga yẹn, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti wá lóòótọ́, ọ̀kan tiẹ̀ jìn tó ìka ọwọ́ kan sísàlẹ̀. Ewé wọn mọ́lẹ̀ ju ti ìyókù lọ, mi ò kíyè sí i tẹ́lẹ̀. Mo fà wọ́n, àkọ́kọ́ dún pà, ó bọ́ pẹ̀lú èèpo gbòǹgbò lẹ́nu, èkejì mú ìbọ̀wọ́ mi ya. Odidi ọdún kan ni mo fi ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ìkẹta ti ara kókó gan-an wá, pupa rúsúrúsú ni ẹ̀gún ẹ̀, ó ga dé àyà mi. Ṣé òun ni kí n tẹ̀ mọ́ ògiri? Ṣé báyìí ni abi kí n jẹ́ kó gbó?

Bàbá Ẹlẹ́gùn-ún

Báyìí tó ṣì rọ̀ ni o, tó bá gbó ó máa kán. Ẹ na wáyà sára ògiri, kó jìnnà sí ògiri díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, kẹ́ ẹ tẹ ọ̀pá náà dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ẹ má jẹ́ kó nàró. Tó bá nàró orí ẹ̀ nìkan ló máa tan. Tó bá dùbúlẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan lára ẹ̀ á yọ ẹ̀ka kékeré, orí àwọn yẹn ni òdòdó máa wà. Ẹ má fi okùn fún un lọ́rùn, ó ṣì máa sanra. Ẹ má sì gé e nígbà òtútù tó ń bọ̀, bó ti wù kí ọwọ́ máa yún yín tó.

Títí Aládòódó

Ẹ ra ìbọ̀wọ́ aláwọ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó gùn dé ìgúnpá. Tó bá tan, ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́, kí Bàbá lè fi ṣe mí yẹ̀yẹ́.