Àbọ̀ ìbéèrè mi: fáíbà ni mo mú

Ẹ̀yin ará, ẹ rántí pé mo bi yín lọ́jọ́sí bóyá kí n fa fáíbà, ìyẹn wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì, wọlé ni, àbí kí n máa lo ráútà 5G mi tí kò nílò wáyà lọ. Fáíbà ni mo mú. Ẹ ṣeun gan-an tí ẹ ní kí n wo ping, ìyẹn àkókò tí ìsọfúnni fi ń lọ tó sì fi ń padà, kí n má wo ìyára nìkan. Lórí 5G, bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí gbogbo àdúgbò gun orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, ping ń fò láti 35 dé 180 mílísẹ́kọ́ǹdì, ohùn mi a sì máa já nínú ìpàdé. Ní báyìí, 6 ni, kì í yẹ̀. Okùn gíláàsì inú wáyà náà tín-ín-rín bí irun orí. Ẹni tó wá fà á kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹ po níbi igun ògiri. Mo ṣì fi ráútà àtijọ́ pamọ́ de ọjọ́ tí wáyà bá já.