Agolo bisikíìtì ni mo ń kó product key mi sí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní nítòsí Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Bírò ni mo fi kọ àwọn key (kóòdù tí wọ́n fi ń ṣí sọ́fítíwìa tí èèyàn rà) sórí ìwé, mo kó wọn sínú agolo. Òjò jò wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gbé ti Windows sókè síná: lẹ́tà márùn-ún márùn-ún lọ́nà márùn-ún, tádàwà ti ṣàn, mi ò mọ B yàtọ̀ sí 8 mọ́. Ó dùn mí gan-an, owó gidi ni mo fi rà á. Bitwarden, áàpù tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà, wà lórí fóònù mi. Ṣé ó ṣeé kó wọn síbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ó ṣeé ṣe. Ẹ ṣí secure note (àkọsílẹ̀ tí a tì pa) kan fún sọ́fítíwìa kọ̀ọ̀kan, ẹ má da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ fi custom field (àyè tí ẹ fúnra yín sọ lórúkọ) kún un: key fúnra rẹ̀ (kó jẹ́ hidden, kó má hàn), ímeèlì tí ẹ fi rà á, ọjọ́ tí ẹ rà á, àti kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwìa náà wà lórí rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Bí kọ̀ǹpútà kan bá kú, ẹ ó mọ key tó yẹ kí ẹ wá.

Ìdáhùn: KeePassXC, irú áàpù bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, lèmi ń lò ní Alágbàká. Ọ̀fẹ́ ni, kò nílò dátà, mo sì ń so rìsíìtì mọ́ ọn. Ẹ ṣáà da fáìlì rẹ̀ kọ sí flash méjì. Tí Windows yẹn bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ so ó mọ́ àkáǹtì Microsoft yín lónìí.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́! Mo ti so ó, mo sì ti kọ mẹ́rin wọlé.