Èmi nìkan fún ilé-ìwé mẹ́rin: kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Saikọ́lọ́jísìtì ilé-ìwé ni mí ní ìgbèríko Montana ní Amẹ́ríkà, èmi nìkan fún ilé-ìwé mẹ́rin. Láti ọ̀kan dé èkejì, wákàtí kan gbáko ni nínú ọkọ̀; tí yìnyín bá bọ́, ẹ má wulẹ̀ bi mí. NASP, ẹgbẹ́ wa, dá a lábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ju 500 lọ fún ẹnì kan. Tèmi ti kọjá 900.

IDEA, òfin Amẹ́ríkà lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ, fún wa ní ọjọ́ 60 láti parí àyẹ̀wò ọmọ lẹ́yìn tí òbí bá fọwọ́ síwèé. Àyẹ̀wò àti ìwé kíkọ ló ń jẹ ọ̀sẹ̀ mi tán. Ọmọ tó kàn fẹ́ jókòó sọ ohun tó ń dùn ún ńkọ́? Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ó di Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ dé, kò wá sílé-ìwé. Kò sí nǹkan tó ṣe é, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n n ò rí oorun sùn dáadáa láti ìgbà náà.

Ọ̀gá wa ní kí n máa fi fídíò bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì wo? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí lẹ kọ́kọ́ gbé sílẹ̀? Ṣé kí n kọ́ àwọn tíṣà bí wọ́n ṣe lè máa gbọ́ tẹnu ọmọ ni, àbí kí n ta kú pé kí wọ́n gba ẹnìkejì?