"Ẹ̀yà fáìlì" nìkan kò tó: àpò yàtọ̀ sí ìdì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé ní Yorùbá kí á máa pe fọ́máàtì, ìyẹn irú tí fáìlì jẹ́, ní "ẹ̀yà fáìlì", kí ẹni tó ń wá ẹ̀rọ DVD tó lè ka fídíò orí kọ̀ǹpútà lè rí ọ̀rọ̀ bá ọlọ́jà sọ. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló fẹ́ fi orúkọ kan pè, àpò tí fídíò wà nínú rẹ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n gbà dì í, àdàpọ̀ wọn ló sì ń kó oníbàárà sí wàhálà.

Ẹ wo AVI, irú fáìlì fídíò kan tí Microsoft gbé jáde ní 1992. Àpò lásán ni. Àwòrán àti ohùn wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ AVI kò sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà fún wọn pọ̀. Ó lè jẹ́ DivX, ó lè jẹ́ Xvid, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá. Àpò bẹ́ẹ̀ ni MKV àti MP4 pẹ̀lú. Tí ọlọ́jà bá ní "ó ń ka AVI", kò tíì dáhùn. Ẹ ó délé, ẹ ó ki àwo bọ̀ ọ́, ohùn á máa dún ketekete, ojú tẹlifíṣọ̀n á sì ṣókùnkùn biribiri: ẹ̀rọ náà ṣí àpò, ó tú ohùn, kò lè tú àwòrán.

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: "àpò fáìlì" fún AVI, MKV àti MP4, "ìdì fídíò" fún DivX, Xvid àti H.264. Àwọn kan ní kí á pe ìkejì ní "àrokò". Òótọ́ ni pé ẹni tó pa àrokò àti ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kọ́ ni wọ́n ń wá níbí, àyè ni. Àwo DVD olójú kan, alábala kan gba 4.7 gigabyte, CD gba nǹkan bí 700 megabyte; kí fíìmù DVD tó lè wọ CD kan, àfi kí wọ́n dì í gan-an. "Àdìtú" ní tirẹ̀ ti di ohun tí kò yé ènìyàn, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. "Ìdì" ló bá "dì" àti "tú" rìn: "ẹ̀rọ yìí kò lè tú ìdì yẹn." Kò sẹ́ni tí kò ní yé.

Mo fara mọ́ "ẹ̀rọ akàwo" gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹ̀rọ DVD. Àwo orin ti wà lẹ́nu wa láti ayé giramafóònù.

Ẹ jẹ́ kí àlàyé tí a máa kọ sọ èyí pẹ̀lú: kọ̀ǹpútà lè gba ètò tuntun kí ó sì tú ìdì tuntun, ṣùgbọ́n inú ṣíìpù ni agbára ìtú ẹ̀rọ akàwo wà. Xvid tí wọ́n fi Qpel tàbí GMC, ọgbọ́n méjì kan tó ń mú kí ìdì náà ṣòro tú, dì, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò lè tú u, bí wọ́n tilẹ̀ kọ DivX gàdàgbà sára páálí. Kí ènìyàn gbé fáìlì tirẹ̀ dání lọ sọ́jà, kí wọ́n fi dán an wò níṣojú rẹ̀ kó tó sanwó.

Ó ku àkọlé abẹ́ àwòrán, èyí tó máa ń wà nínú fáìlì .srt. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ akàwo, lẹ́tà Latin-1 nìkan, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, ni wọ́n mọ̀, kò sì sí ẹ, ọ àti ṣ níbẹ̀. Ta ló ní orúkọ tó dára fún irú àkójọ lẹ́tà bẹ́ẹ̀?