Benz 300 SE (W126): ó tutù lójú ọ̀nà Kétu, ó ń gbóná ní Wandó

Ọmọ Aláketu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ Benz 300 SE ọdún 1988 ni mo gbé wá, ẹ́ńjìnnì M103 oní-sílíńdà mẹ́fà, jíà ọ̀tòmátíìkì. Ọkọ̀ ìlò ojoojúmọ́ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi aṣọ bò sílé. Láti Kétu dé Pọ́bẹ̀, títí wọ Sákẹ́tẹ́, abẹ́rẹ́ ooru rẹ̀ kì í kọjá díẹ̀ lókè 80, bí éèsì tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ tó bá ti wọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ oríta Wandó bá ti mú un, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá abẹ́rẹ́ á ti lé ní 110. Bí ọ̀nà bá là, tí ọkọ̀ sáré díẹ̀, á tún wálẹ̀.

Ohun tí a ti ṣe rèé: mẹkaníìkì yọ kalọ́sítà (ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí ọ̀nà omi lọ sí rádíátọ̀) dànù pátápátá, ó ní ilẹ̀ tiwa kò nílò rẹ̀. Kò tún un ṣe, ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó burú sí i. Omi kànga là ń bù sí i. Ẹnìkan ní kí a ra rádíátọ̀ tuntun, ẹlòmíràn ní jọ́ńtì kúlásì (gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì) ti jó.

Ìṣòro kejì: tí a bá pa á nígbà tó gbóná, tí a fi bí ogún ìṣẹ́jú ra nǹkan lọ́jà, démárẹ̀ (sítátà) á máa yí, á máa yí, tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó gbà. Láàárọ̀, kíá ló ń gbà. A máa ń ra kpayo, ẹ̀sáńsì (pẹtiróòlù) tí wọ́n ń tà létí ọ̀nà, nígbà tí ilé epo bá jìnnà. Ṣé àìsàn kan náà ni, àbí méjì? Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ká má baà fowó ra ohun tí kò bàjẹ́?

Alátúnṣe Jásín

Aláketu, ìwọ fúnra rẹ ti dáhùn ìdajì rẹ̀. Ọkọ̀ tó tutù lórí eré, tó ń gbóná lórí ìdúró, atẹ́gùn ni kò rí. Ká ní rádíátọ̀ ló dí nínú ni, orí eré gan-an ni ì bá ti máa kọ́kọ́ gbóná, pàápàá tó bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, torí ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnnì ń tú ooru jáde jù. Nítorí náà má tíì ra rádíátọ̀.

Fáànù méjì ló ń fún ọkọ̀ yẹn ní atẹ́gùn. Ti iná wà níwájú, ó kọjú sí kọ́ńdẹ́ńsà éèsì. Ńlá tí bẹ́líìtì ń yí wà lẹ́yìn rádíátọ̀, òun sì ni mo fura sí. Kò so mọ́ púlì ní tààrà. Kọ́lọ́ọ̀ṣì kan wà láàárín wọn tí òróró sílíkónì tó ki wà nínú rẹ̀. Lójú kọ́lọ́ọ̀ṣì náà, wàá rí irin pẹlẹbẹ kan tó tín-ín-rín. Atẹ́gùn gbígbóná tó ń gba ara rádíátọ̀ kọjá ló ń mú irin yẹn tẹ̀, títẹ̀ rẹ̀ ló sì ń ṣí ihò fún òróró kí fáànù tó lè di mọ́ púlì. Bí òróró bá ti jò tán, fáànù á ṣì máa yí, ìdí nìyẹn tó fi ń tan èèyàn jẹ. Ṣùgbọ́n á máa yí bí ẹni tí wọ́n fà lọ́wọ́ lọ síbi tí kò fẹ́ lọ. Kò lè fa atẹ́gùn tó tó.

Bí o ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò: jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná lórí ìdúró dé bí 100. Pa á, yọ kọ́kọ́rọ́, kí o sì fa wáyà fáànù oníná yọ, torí ó lè dédé yí kó gé ọ níka. Fi ọwọ́ tì abẹ̀bẹ̀ fáànù ńlá. Èyí tó yè á wúwo lọ́wọ́ bí ẹni ń ro ọkà, o jọ̀wọ́ rẹ̀, ó dúró. Bí o bá tì í tó yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ fúnra rẹ̀, ó ti kú. Ẹ̀rí kejì wà lójú rẹ̀: wo àárín kọ́lọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin pẹlẹbẹ yẹn. Tí eruku pupa bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ní òrùka dúdú tó ń yọ̀, òróró inú rẹ̀ ló jáde. Eruku kì í lẹ̀ mọ́ irin gbígbẹ bẹ́ẹ̀.

Fáànù oníná kò le yẹ̀wò. Gbé iná 12 fóòtì láti ara bátìrì sí i ní tààrà. Tó bá yí, wá fíúsì, rélè àti síwíìṣì ooru. Tí kò bá yí, mọ́tọ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ tún wò ó bóyá agbada ike tó yí fáànù ńlá ká ṣì wà ńbẹ̀. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ dànù kí ọwọ́ wọn lè ráyè, láìmọ̀ pé láìsí i, atẹ́gùn gbígbóná inú bọ́nẹ́ẹ̀tì kan náà ni fáànù á máa fà yípo. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo àárín kọ́ńdẹ́ńsà àti rádíátọ̀. Ilẹ̀ pupa ọ̀nà Pọ́bẹ̀ pẹ̀lú kòkòrò á ti di bí aṣọ síbẹ̀. Láti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́ síwájú, omi pọ́ńpù ilé ti tó. Ẹ má gbé ẹ̀rọ ìfọkọ̀ alágbára sún mọ́ ọn, torí á tẹ àwọn ewé alumíníọ̀mù yẹn pẹlẹbẹ, kò sì ní í jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá mọ́ láéláé.

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n Jásín wí lórí fáànù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kalọ́sítà yẹn ń dùn mí, torí gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe é. (Ẹ̀yin ará ìkejì ibodè, tẹ́mósítáàtì là ń pè bẹ́ẹ̀.)

Aláketu, jọ̀wọ́, dá a padà. Ti M103 kì í ṣe ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Àwo méjì ló ní. Nígbà tí omi tutù, àwo òkè ti ọ̀nà rádíátọ̀ pa, omi sì ń gba ọ̀nà àbùjá padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ní 87 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bó ṣe ń ṣí ọ̀nà rádíátọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwo ìsàlẹ̀ ń lọ dí ọ̀nà àbùjá. Nígbà tí wọ́n wá yọ ọ́ dànù, ta ló kù tó máa dí àbùjá? Omi gbígbóná á kàn máa yípo láì dé rádíátọ̀, pàápàá lórí ìdúró tí pọ́ńpù omi ń yí jẹ́jẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi burú sí i. Láàárọ̀ ẹ̀wẹ̀, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó gbóná, ìńjẹ́ṣọ̀n (ètò tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo) á rò pé òtútù ṣì ń mú un, á máa da ẹ̀sáńsì lé e, ẹ̀sáńsì náà á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà.

Ra èyí tí wọ́n kọ 87 sí lára. Kí o tó fi sí i, so ó mọ́ okùn sínú ìkòkò omi lórí iná, kó má kan ìdí ìkòkò. Kí omi tó hó, o gbọ́dọ̀ rí i tó ṣí. Nígbà tí o bá ń fi sí i, bọ́ọ̀lù kékeré tó wà létí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa gbà jáde.

Omi kànga náà kò dára. Orí ẹ́ńjìnnì yẹn alumíníọ̀mù ni, búlọ́ọ̀kù irin. Bí omi lásán bá wà láàárín irin méjì tí kò jọra, alumíníọ̀mù ló ń jẹ, etí ihò omi lábẹ́ jọ́ńtì ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Èérí funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò omi gbígbóná náà ló ń lẹ̀ sínú rádíátọ̀.

Fọ̀ ọ́ báyìí. Tú omi dànù nísàlẹ̀ rádíátọ̀ àti lára búlọ́ọ̀kù, torí tí o bá tú ti rádíátọ̀ nìkan, bí ìdajì omi ìdọ̀tí ṣì wà nínú. Po ásíìdì sítíríkì, kóró funfun tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe jáàmù, ní 100 gíráàmù sí lítà omi kan. Fi kún un, gbé ìdarí ooru inú ọkọ̀ sí ibi tó gbóná jù, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dé bí 80, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Jẹ́ kó tutù kí o tó tú u. Wàá rí i tó jáde bí omi zóbò. Fi omi mímọ́ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o lo ásíìdì bátìrì, má gbà, alumíníọ̀mù ló máa jẹ.

Lẹ́yìn náà, kúlántì (oògùn omi rádíátọ̀) ìdajì, omi bátìrì ìdajì, ìyẹn omi mímọ́ tí wọ́n ń bù sí bátìrì, kì í ṣe ásíìdì rẹ̀, kì í sì í ṣe omi kànga mọ́. Kì í ṣe torí yìnyín la ṣe ń lò ó. Ó ń dènà ìpẹtà, kì í sì í tètè hó. Ra èyí tó bá ìlànà Mercedes 325.0 mu.

Ohun kan tó kù: di ọrùn ike rádíátọ̀ mú, ibi tí durítì òkè (rọ́bà ńlá tó ń gbé omi) ti wọlé. Bí ó bá ti di àwọ̀ ilẹ̀, tí ìlà wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀, kò ní í pẹ́ já. Gbogbo omi ló máa dà lẹ́ẹ̀kan, irin tí abẹ́rẹ́ ooru ń wò kò sì ní í sí nínú omi mọ́, abẹ́rẹ́ lè máa wálẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Ìyẹn nìkan ló lè mú kí n gbà pé kí o ra rádíátọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́rọ

Ẹ kú àlàyé. Èmi á sọ̀rọ̀ lórí ìkejì, torí àìsàn ọ̀tọ̀ ni. Ìfúnpá epo ló ń sọnù.

Ẹ̀sáńsì inú páìpù KE-Jetronic, ìyẹn ìńjẹ́ṣọ̀n ọkọ̀ yìí, máa ń wà ní bí 5.4 báà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Tí a bá pa ọkọ̀, kò yẹ kí ìfúnpá náà wálẹ̀ dé òdo, torí òun ni kì í jẹ́ kí epo hó nínú páìpù tó wà lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Tó bá sọnù, epo á hó di oru, démárẹ̀ á sì máa yí títí pọ́ńpù epo á fi lé oru yẹn jáde. Láàárọ̀ ohun gbogbo tutù, epo kò hó, ó gbà kíá.

Kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan: nígbà tó bá gbóná tó sì ń kọ̀, tan kọ́kọ́rọ́ láì yí démárẹ̀, ka méjì, pa á. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà kọ̀ọ̀kan pọ́ńpù ẹ̀yìn á kùn fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Yí démárẹ̀ wàyí. Bó bá gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìfúnpá ló ń jò. Bí pọ́ńpù kò bá kùn rárá nígbà tó gbóná, tó sì ń kùn nígbà tó tutù, rélè pọ́ńpù ni. Jó òjé ìdí rẹ̀ padà, ó sábà máa ń là.

Tó bá jẹ́ jíjò, ohun méjì ló sábà ń fà á: fáàfù ẹnu pọ́ńpù tí kì í jẹ́ kí epo padà, àti àkójọ epo, ìyẹn agolo irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ńpù lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn. Agolo yẹn ní awọ rọ́bà nínú. Yọ rọ́bà tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tẹ́ ìgò síbẹ̀, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Kò yẹ kí epo jáde níbẹ̀. Tó bá ń jáde, awọ ti ya, ra òmíràn. Kí iná kankan má sí nítòsí, kí ọkọ̀ sì ti tutù.

Ní ti kpayo, mi ò ní bá ọ wí, mo mọ bí ọ̀nà Kétu ṣe rí. Àmọ́ omi àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ ló ń pa ìńjẹ́ṣọ̀n yìí. Písítìnì tó wà nínú apínpo epo kò nípọn, bí ìpẹtà bá mú un, owó ńlá ni. Gba epo sínú ìgò funfun, gbé e kalẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Omi á tò sísàlẹ̀, wàá rí ìlà láàárín wọn. Pààrọ̀ fílítà epo lẹ́yìn, kí ọfà ara rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà ẹ́ńjìnnì, kí o sì dá ti àtijọ́ sínú àwo funfun. Àwọ̀ ohun tó bá dà níbẹ̀ ló máa sọ bí inú táńkì ṣe rí.

Ọmọ Aláketu

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Fáànù ńlá: a tì í nígbà tó gbóná, ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta àti díẹ̀, òrùka dúdú sì wà lójú rẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Ti iná ń ṣiṣẹ́. Tíntan kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mú kó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, epo sì ń jáde nínú rọ́bà tín-ín-rín yẹn. Durítì kì í le láàárọ̀, omi kì í hó bùkùbùkù. Ṣé ká yọ ọkàn kúrò lórí jọ́ńtì kúlásì? Báwo la sì ṣe ń tú kọ́lọ́ọ̀ṣì yẹn?

Alátúnṣe Jásín

Ẹ yọ ọkàn kúrò níbẹ̀ fún ìgbà yìí. Jọ́ńtì tó ti jó sábà máa ń mú kí durítì òkè le bí igi láàárín ìṣẹ́jú kan tí ẹ́ńjìnnì tutù bá ti gbà.

Kọ́lọ́ọ̀ṣì: tú agbada ike kúrò kí o sún un sẹ́yìn. Bóòtì kan ṣoṣo ló wà láàárín, orí rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà 8 mm, ó sì ń tú sí apá òsì bíi ti gbogbo bóòtì. Púlì á fẹ́ máa yí tẹ̀lé ọ. Fi irin róbótó tín-ín-rín kan sínú ihò ẹ̀yìn púlì láti dá a dúró. Nígbà tí o bá ń dá a padà, 45 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtì) ti tó.

Tí o bá máa rán wọn lọ ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, l'Ékòó, tàbí sí àwọn tó ń ta àlòkù ní Kútọnù, sọ fún wọn kí wọ́n gbé e dúró bó ṣe máa ń wà lára ọkọ̀, kí wọ́n má tẹ́ ẹ sílẹ̀ lójú. Òróró á jò jáde lórí ọ̀nà, wàá sì fi owó gba èyí tó ti kú wálé. Èyí tí o bá bá tó ti wà ní títẹ́ sórí àtẹ, má rà á.

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́

Ra kalọ́sítà náà lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú rọ́bà etí rẹ̀. Bí fáànù tuntun bá wà láìsí i, abẹ́rẹ́ ṣì lè máa gùn ní Wandó, wọ́n á sì tún padà sọ pé rádíátọ̀ ni.